Àwẹ̀ró àti Eṣinṣin Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí odò ẹ̀yìnkùlé wa yìí ṣì fẹ̀, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyáálé ilé wa ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Láníhùn. Ẹ jókòó dáadáa o, mi ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún kan, àìsàn wọ ìlú, ó ń pa ọmọdé, ó ń pa àgbà. Ó mú Láníhùn. Iyán kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹ̀kọ kò gbà á. Ọbẹ̀ ilá nìkan ló lè gbé mì, ilá tí ìyá rẹ̀ gbìn sétí odò.

Lórí ewé ilá yìí ni àwọn eṣinṣin kéékèèké kan ń bà sí. Ara wọn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ó ń dán bí idẹ, ẹsẹ̀ wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Àwẹ̀ró, rí wọn, àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Eṣinṣin tí ń bà lé òkú nìyí! Ikú ti dé oko wa."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Olówó orí mi, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Eṣinṣin òkú kò lẹ́sẹ̀ gígùn báyìí. Mo ti ń ṣọ́ wọn, kòkòrò tí ń fa omi ewé ni wọ́n ń pa jẹ."

Ta ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á? Ọdẹ́jìnmí kó ìhá ọ̀pẹ, ó dáná, ó fín oko léèéfín títí eṣinṣin fi kú tán. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, babańlá rẹ mà ni!

Kò pẹ́, kòkòrò wẹ́wẹ́ bo ilá. Ewé kákò, òdòdó rẹ̀ dànù, ilá kò so. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni Àwẹ̀ró ń kán sí Láníhùn lẹ́nu, títí ọmọ náà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwẹ̀ró fi ẹkún rìn lọ sí òkè odò, níbi tí èéfín kò dé, ó rí eṣinṣin náà lórí ewé kókò inú ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ń yé sí. Ó ru ẹrẹ̀, ó ru kókò wá sóko. Ó ru ẹrẹ̀, ó ru kókò, títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Eṣinṣin padà. Ilá so. Nígbà náà àìsàn ti mú ọmọ orogún rẹ̀. Àwẹ̀ró se ọbẹ̀ ilá, ó gbé e fún orogún. Ó ní, "Gbà, fi fún ọmọ wa."

Ọmọ yẹn yè. Òun ló bí gbogbo wa. Àwẹ̀ró kò bímọ mọ́.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í pa eṣinṣin nílé yìí láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ilá tuntun wò fi gbọ́dọ̀ pe Láníhùn kó tó gbé e mì. Láníhùn kò bí ọmọ tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Àwa tí a jẹ ilá rẹ̀ la ó máa pè é.