Èmi Ni Mo Fọ Owó Àtijọ́ Náà

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí fún yín, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kiri. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi gbé e, bí ẹni tó gbé aṣọ tútù sórí tí kò rí okùn tí yóò sá a sí. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo kọ́ ìwé. Ọmọ ọmọ mi máa ń sọ pé lẹ́tà mi ń rìn bí ẹni tó mutí yó. Kó máa rìn bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ń báni kọ̀wé a máa báni tún ọ̀rọ̀ ṣe, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún èyí ṣe. Èmi ni mo fọ owó fàdákà tí àbúrò mi rí. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí, ẹ mọ̀. Àbúrò mi, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Olójúkan, bíríkìlà ni nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú. Omi aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi wò ó dàgbà, òun ni mo fi rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ilé kan náà la ń gbé, yàrá mi lápá ọ̀tún, tiwọn lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wá láàárín. Ìyàwó rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ló sọ mí ní Ọ̀tá-Ìdọ̀tí. Tó bá rí mi tí mò ń nu ilẹ̀kùn, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ ó nu ilẹ̀kùn yẹn títí á fi di fèrèsé.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí rárá.

Lọ́dún yẹn, símẹ́ǹtì ta sí àbúrò mi lójú ọ̀tún. Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Wọ́n ní lọ́sibítù pé tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárín oṣù mẹ́ta, kó dágbére fún un. Iye tí wọ́n pè, ká ta ilé pẹ̀lú aláǹgbá inú ẹ̀, kò lè tó o. Inú oṣù yẹn kan náà ló ń wó ògiri ilé àtijọ́ kan, tí nǹkan kan já bọ́ láàárín búlọ́ọ̀kù amọ̀. Ó mú un fún onílé. Onílé wò ó, ó ní, “Bíríkìlà, mú pàǹtí rẹ máa lọ.” Owó fàdákà ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí ọkùnrin kan wà lára rẹ̀, onímú gígùn, tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń bá ìyàwó ẹ̀ yan odì. Àbúrò mi gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Aláago tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò wa, nítorí bàbá náà mọ owó àtijọ́ bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú ẹ̀.

Nígbà tó dé, ó pe èmi àti ìyàwó rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Bàbá Aláago ní ó jọ ojúlówó. Ọ̀gá kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ òótọ́, ó máa rà á, ojú mi nìyẹn. Ó ní ká má fọ̀ ọ́ o. Omi lásán ò gbọdọ̀ kàn án.”

Mo ní, “Kí ló dé?”

“Ó ní dúdú ara ẹ̀ yẹn ni ìwé ọjọ́ orí ẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá yẹn ti ń ṣarán. Ta ló ń fi ìdọ̀tí pawó? Ẹni tó ń gbé aṣọ wá fún mi, ṣé ìdọ̀tí ló ń wá rà ni?”

Ìyàwó ní, “Ọ̀tá-Ìdọ̀tí, ẹ foríji owó yìí o. Kì í ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì.” Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wá na owó náà sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Gbà, bá mi tọ́jú ẹ̀.”

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ti nà. Mo ti rò pé èmi ni yóò gbé e fún, èmi tí mo gbé e pọ̀n. Mo fi ọwọ́ tí mo nà náà nu ojú bí ẹni pé eṣinṣin ló bà á. Kò sẹ́ni tó rí mi, àmọ́ ojú tì mí, ìtìjú yẹn sì dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án gangan, ìyàwó lọ pọnmi ní ẹ̀rọ, àbúrò mi wà níbi iṣẹ́. Mo wọ yàrá wọn. Mo mọ ibi tó wà: agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú ló fi ká a mọ́ inú ẹ̀ bí ọmọ tuntun. Mo ní mo kàn fẹ́ wò ó ni. Irọ́ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ wo nǹkan kì í mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání. Mo ń sọ fún ara mi pé Bàbá Aláago fẹ́ kí owó náà dọ̀tí kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè rà á ní ọ̀pọ̀. Mo tún ń sọ pé ojú kan péré ni màá fọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi ni pé nígbà tó bá dán, tí àlejò bá sì yìn ín, àbúrò mi á mọ ẹni tó jẹ́ ìyá fún un. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á, bí mo ṣe ń pa ìpẹtà lára aṣọ funfun. Mo fi eérú sí i. Mo fi iyanrìn kíkúnná gbo ó. Dúdú náà ń ṣí, inú mi ń dùn. Mo yí i padà, mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Mo rí i pé imú ọkùnrin yẹn ti kúrú, irun orí rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ. Mo ní ó kàn gẹrun ni. Báyìí ni mo ṣe ń bá ara mi ṣeré nígbà tí mò ń pa ojú ọmọ tí mo tọ́. Mo ti po búlúù sínú abọ́ ńlá sílẹ̀ fún aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ohunkóhun tó bá ti funfun lọ́wọ́ mi, búlúù ni mo fi ń ṣan án gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ò tilẹ̀ bi mí léèrè. Mo rì í sínú búlúù, mo nù ún, mo dá a padà sínú òwú. Mo ní màá sọ fún wọn tó bá yá, kí ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ yìn ín ná.

Ọ̀gá náà dé pẹ̀lú Bàbá Aláago. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jókòó sí, àwa márùn-ún. Àbúrò mi yọ owó náà látinú agolo. Bàbá Aláago rí i, ó rọra fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀gá náà gbé awò rẹ̀ sójú, kò pẹ́ tó fi gbé e sílẹ̀. “Ojúlówó ni,” ó ní. “Ká ní mo bá a bó ṣe wà ni, ẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì. Báyìí, fàdákà inú ẹ̀ nìkan ni mo lè rà, bí ẹni ra àfọ́kù ṣíbí. Ta ló fọ̀ ọ́?”

Ojú kan ṣoṣo tí àbúrò mi ṣì fi ń ríran kúrò lára ọ̀gá, ó lọ sára ìyàwó rẹ̀, ó ń bọ̀ lára mi. Mo mọ̀ pé tó bá dé ara mi, ó tán. Mo sáré bá a lójú ọ̀nà. Mo ní, “Ìyàwó, kí lo ń fi eérú fọ̀ lẹ́yìnkùlé níjọ́sí?”

Ó ní, “Ìkòkò ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Òótọ́ ni. Ìkòkò ni, mo rí i. Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ní, “Nǹkan tí mo rí lọ́wọ́ ẹ kéré sí ìkòkò. Ó ń dán.”

Bàbá Aláago wò mí. Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ rí i dájú?” Ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi yẹn, kí n bá ibẹ̀ jáde. Mo ní, “Ojú mi ò tíì fọ́.” Níwájú ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ ni mo ti sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹnu mi ti sọ láyé, ìyẹn ni mo máa ń gbọ́ tí mo bá dá wà.

Àbúrò mi kò pariwo. Ó kàn sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Mo ní kó o bá mi tọ́jú ẹ̀.” Kò tún bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń jẹun rẹ̀, ó ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga. Ní ọjọ́ tí ìyàwó di ẹrù rẹ̀ láti máa lọ, mo lọ bá a, mo ní mo fẹ́ bá a di í. Ó na òwú inú agolo sí mi. Búlúù wà lára rẹ̀, rúbúrúbú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, eérú kì í pa òwú láró.”

Mo ní, “Kí ló dé tó ò sọ?”

“Ẹ̀yin ti ń bá a bọ̀ láti kékeré. Ọdún mẹ́rin ni tèmi. Tí mo bá sọ, kò ní gbà. Tó bá sì wá gbà, ta ló kù fún un? Ojú ẹ̀ ń lọ, ìyàwó ẹ̀ ń lọ, kí ìyá ẹ̀ náà tún lọ?” Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ó ní, “Ó dàbọ̀, mà.” Kò pè mí ní Ọ̀tá-Ìdọ̀tí. Mo ju òwú náà sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú mi, mo sì fi iná ẹ̀ lọ aṣọ nọ́ọ̀sì méjì.

Ojú náà kú. Ògiri rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, wọn ò pè é síṣẹ́ mọ́, ó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì fún àwọn tó kọ́ ilé fún. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó gbé owó náà fún mi, ó ní, “Ẹ̀yin ló yẹ kí n gbé e fún tẹ́lẹ̀.” Ohun tí mo ń wá nìyẹn, ẹ wò ó, ó sì dé. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ mi, òun ló ń gé èékánná mi. Tó bá sì ń gé e, á máa sọ pé, “Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò já mi kulẹ̀.” Ìgbà mélòó ni mo ti la ẹnu, tí mo wá ní kó rọra, ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èèyàn máa ń rò pé ìfẹ́ ni ohun tó ń ṣe òun, ó sì lè jẹ́ owú lásán. Kí ẹ máa yẹ inú yín wò kí ẹ tó nawọ́ sí nǹkan oní-nǹkan. Tí ẹ bá sì bà á jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì kéré. Ọmọ ọmọ mi ti bá mi wá ìyàwó yẹn rí. Ó wà láàyè, ó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní ìlú kejì, ó sì ń gbé òun nìkan. Níwájú èèyàn ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́, níwájú èèyàn ni kí ẹ ti ka ìwé yìí, kí n tó kú, kí n lè rí ojú yín.

Àbúrò mi, jókòó. Mo mọ̀ pé o ti dìde. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú. Tó ò bá fẹ́ gé èékánná mi mọ́, wọ́n á máa gùn bẹ́ẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀. Mò ń bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò retí ìdáhùn. Lọ bá a lọ́la, má jẹ́ kó di ọ̀tunla. Tó o bá débẹ̀, má tíì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Tìẹ ni kó o kọ́kọ́ tọrọ. Èmi ni mo purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi wà nínú yàrá kan náà, o ò sì bi í léèrè.