Sípíkà Ilé Ìdáná Kì Í Ṣe Arọ

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa jókòó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni èmi àti ẹni tó lọ yìí fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nílé ìtẹ̀wé. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi ni mo ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí àṣìṣe má bàa jáde. Ẹ rántí iṣẹ́ mi yẹn o, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, èmi ń sinmi. Òun kọ̀, kò sinmi. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Oníwáyà. Orí tábìlì tí àwọn ẹlòmíì ti ń jẹun ló ti ń yọ́ òjé tó fi ń lẹ wáyà pọ̀. Ó ra àwọn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí kò tó páálí ìṣáná, ó so wọ́n mọ́ sípíkà àlòkù, ó fi páálí bàtà ṣe ilé fún wọn. Ó gbé ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí yàrá, ọ̀kan sí ilé ìdáná. Kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ló ń fi orin àti ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí afẹ́fẹ́. Bàbá Oníwáyà ló wá ń ṣe ohun tí kò ní wáyà!

Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé wọn ò ta rédíò mọ́ ni?"

Ó ní, "Wọ́n ń tà á. Èyí tó mọ ilé mi ni wọn ò tà."

Olórí kunkun ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wá ìdí tí sípíkà yàrá fi ń kùn bí oyin, kò jẹ́ kí n ra tuntun fún un.

Ṣùgbọ́n ti ilé ìdáná ní àbùkù. Bí ti pálọ̀ bá sọ̀rọ̀ tán, tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún méjì ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Arọ yín tó wà nílé ìdáná ńkọ́? Ṣé ó ti dé?"

Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ń bọ̀. Ó mọ ẹni tó ń dúró dè." Mo rò pé ìtìjú ló ń fi ẹ̀rín bò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ pè mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ti ilé ìdáná ṣe kí àlejò tó dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà."

Mo lọ bá wọn nílé, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá náà. Mo wá, mo wá, mo rí i: mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni sípíkà yẹn fi ń pẹ́. Inú mi dùn. Àṣìṣe rèé, iṣẹ́ mi rèé! Mo ti pa mọ́kànlá rẹ́, mo ti kọ òdo, ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì kan. Ìgbà náà ni mo rí ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹsẹ̀ ìyá wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ń gbọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó wa ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ohùn ò dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni wọ́n fi ń là á kọjá. Ibi tí orin bá ti fi wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a nílé ìdáná.

Mo dìde, mo bi wọ́n: "Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ̀?"

Wọ́n ní: "Mọ kín ni? Èmi rò pé orin máa ń dúró dè mí ni."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kí n tó dá ẹjọ́ tèmi. Mo dá mọ́kànlá padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹsẹ̀ ìyá yín bá wúwo sí i, ẹ sọ ọ́ di méjìlá. Ẹ sọ ọ́ di ogún.

Ọ̀rẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo èèyàn yìí. Kò sí arọ nílé rẹ. Ojú mi ni kò ríran. Máa lọ. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. O ti kọjá sí yàrá kejì. Àwa ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a di ọ̀pá mú. Má kánjú pè wá. Dúró dè wá, bí o ti mọ̀ ọ́n ṣe.

A ń bọ̀.