Ẹ̀rín Ọjọ́ Wòlímọ̀

Ẹ̀yin mùmíní lọ́kùnrin lóbìnrin, sàláámù àlékúmù. Wáàsí tòní kò ní dùn létí yín. Ẹni tó ń fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wé láwàní níwájú níbí, ẹ̀yin gan-an ni.

Aránṣọ kan wà lẹ́bàá Ìwó, Sáfíyátù lorúkọ rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí, àgbà ti dé sí i kó tó gba Ìsìláàmù. Obìnrin yìí ò tijú. Ó bá àwọn ọmọ tó lè bí lọ́mọ jókòó lórí ẹní ilé-kéú, ó gbé wàláà lé ẹsẹ̀, ó ń pè é tẹ̀lé wọn. Ó ń há a lẹ́nu, ó ń sunkún, ó sì ń kà á lọ. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Ànábì wa ní láádá méjì ni ti ẹni tí kíka Àlùkùránì ń ni lára? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ìtorí ìyá rẹ̀ arúgbó ló ṣe ń tiraka bẹ́ẹ̀. Ìyá ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì tó ń kọ́, òun á wá wo àwọn tó ń bá ṣe ẹ̀sìn. Bí ìwà wọn bá wu òun, òun náà á gba kálímà. Sáfíyátù ò ní àdúrà mìíràn tó ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ pé, àgbàlá mọ́sálásí kún. Ìyá jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Sáfíyátù ka súrà tirẹ̀ parí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ayọ̀ wá gbé e, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré ló bọ́ jáde: "Alelúyà!"

Háà, ẹ̀rín bú. Alàájì Bùrémọ̀ tó jẹ́ Bàbá Àdínì, olórí àwọn àgbà mọ́sálásí, ẹni tó yẹ kó pa á mọ́ra, òun ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní: "Ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí láwàní fi ń tú lórí wọn. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣebí ìyìn Ọlọ́hun náà ni obìnrin yẹn ń wá sọ? Kí ló burú ká fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká sọ fún un jẹ́jẹ́ pé Alihamudulilaahi là ń wí níbí?

Ìyá dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Sáfíyátù sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní ọmọ òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín lójú òun yẹn, ilé tí wọ́n bá ti ń gba àlejò báyìí, òun ò wọ̀ ọ́. Kò sì wọ̀ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Bàbá Àdínì tó gbọ́ ohun tí Ìyá ti fẹ́ ṣe. Ó lọ bá Sáfíyátù nílé, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jin òun. Sáfíyátù dá a lóhùn. Ó ní: "Bàbá, mo ti forí jìn yín ní tèmi. Ti màámi ńkọ́? Ọwọ́ ta lẹ ti fẹ́ tọrọ ìyẹn?"

Ẹ dá mi lóhùn. Ọlọ́hun ní kí ìjọ kan má fi ìjọ kan ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sàn jù wọ́n lọ. Mo sì ń rí àwọn àlejò tuntun lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá, kó bá wa kó ahọ́n wa níjàánu, kó má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹnu wa ti ilẹ̀kùn ẹ̀sìn mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ ṣe àmín. Ẹ tún un ṣe, ẹ̀yin ará iwájú, mi ò gbọ́ tiyín.