Òróró Ìyá Mi àti Àpótí Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn Mi

Ògo ni fún Ọlọ́run tí kì í tòògbé! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́. Èmi Fúnkẹ́, aránṣọ Òkè-Fìà, ni mo dúró níwájú yín láàyè.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi, ọkàn mi ń lù ségesège. Dókítà bá gbé àpótí kékeré kan kọ́ mi lọ́rùn, ó lẹ ike roboto mẹ́ta tó ní gọ́ọ̀mù mọ́ mi láyà. Ó ní, "Kò sí wáyà tó so ọ́ mọ́ ara ògiri. Bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, orí tẹlifíṣọ̀n iwájú nọ́ọ̀sì ni yóò ti máa hàn, tọ̀sán-tòru."

Ìyá mi wá láti Ìtagunmódì. Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá àdúrà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á fi òróró ra àyà mi, ike á yọ̀ bọ́, ìlà tó ń fi lílù ọkàn mi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n á na gbalaja, bí ẹni pé mo ti kú. Nọ́ọ̀sì á sáré dé, á bá mi níbi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òróró yín sí i lórí." Ìyá mi ní, "Ṣé orí ló ń dùn ún ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi lọ pọn omi, oorun dídùn kan sì gbé mi lọ. Mo bá ara mi nínú oko kòkó bàbá mi tó ti kú. Ewé gbígbẹ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, atẹ́gùn tutù. Bàbá jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Wọn ò pè mí, àmọ́ mo ń lọ bá wọn. Ẹ̀rù ò bà mí, ará. Ó wù mí kí n lọ.

Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ìlà ti na lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì, ó ní, "Òróró Màmá ni." Nọ́ọ̀sì Rìsíkátù, ọmọ Mùsùlùmí Òṣogbo, ti bọ́ bàtà nítorí àárẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ òróró náà, màá lọ nù ún." Ó wá láìwọ bàtà. Àyà mi gbẹ, ike lẹ̀ pinpin. Ọkàn mi ló dúró.

Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ̀ mí láyà, ó ń pe orúkọ mi. Mo gbọ́ ọ nínú oko yẹn, mo wẹ̀yìn, mo sì lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣeun, Olúwa! Ẹ ṣeun!

Nígbà tí ìyá mi dé, wọ́n kúnlẹ̀ fún Rìsíkátù, ọmọbìnrin tó kéré sí mi. Wọ́n ní, "Díẹ̀ ló kù kí n fi òróró ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi." Ó fà wọ́n dìde. Ó ní, "Màmá, ó ti rẹ̀ mí débi pé n ò fẹ́ dìde. N ò mọ ohun tó gbé mi dìde."

Ìwọ tó wà nínú ìṣòro, tó dà bíi pé ó ti sú ẹni tó ń ṣọ́ ẹ, má bẹ̀rù. Ọlọ́run mọ ẹni tí yóò gbé dìde.