Omi Tí Mo Dà Nù

Alága wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Ìlógbò àti Odò-Ọrọ̀ wá nítorí tèmi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Dárasími ọmọ Àrínọlá tí ó jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ ìgò nínú yàrá ìwádìí wa. Ẹ ti yìn mí títí, ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí.

Ẹ rántí Dókítà Àrínọlá. Òun ló lọ bẹ ilé ìpọntí pé kí wọ́n yéé da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà wọn sí gọ́tà, kí wọ́n fún òun. Ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ran ara lọ́wọ́ láti bá àìsàn jà. A jọ ń gbé kẹ́ẹ̀gì tí ń rùn sínú mọ́tò rẹ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin ló fi wá a. Nígbà tí ó fi máa rí i, àìsàn ti wọ òun náà lára.

Lọ́jọ́ tí ó ń lọ sí ọsibítù, ó fi ìgò ńlá kan tí ó po ìwúkàrà náà sí síkàáwọ́ mi. Ọmọ ológì ni mí, omi orí là ń dà nù nílé wa, ìsàlẹ̀ là ń tọ́jú. Bí mo ṣe rí i tí omi dá sókè, mo dà á nù, mo tọ́jú ìsàlẹ̀ dáadáa, inú mi sì ń dùn. Inú omi yẹn ni ohun tí ó ń wá wà.

Nígbà tí ó dé, ó wo ìgò náà pẹ́. Mo ní ìgò ló jò. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, “Bọ̀dá Ṣẹ́gun, a ó tún uṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀.” Ta ni ìbá tún un bẹ̀rẹ̀? Oṣù méjì lẹ́yìn náà la sin ín ní ìlú Ààyè. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò já sí nǹkan kan, mo sì dákẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Dárasími, ìyá rẹ kò kùnà. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ náà sí nìyí, wá gbà á. Mo ti kọ ọ́ sí ìparí rẹ̀ pé ìgò kò jò, Ṣẹ́gun ló da omi náà nù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wàhálà yín ṣòfò. Ẹni tí ẹ bá fi iṣẹ́ yín ṣọ́, kó má bà á jẹ́; bí ó bá sì bà á jẹ́, kó lè sọ ọ́ lójú yín, kí ẹ tó lọ.

Ẹ ṣé o. Àrínọlá, má bínú.