Ọjọ́ Tí Ẹ̀rín Ọ̀gá Àgbà Di Àwòrán Pupa

Alága ìjókòó yìí, tí í ṣe ọ̀gá àgbà wa. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ jókòó sílà iwájú. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka gbogbo. Ẹ̀yin àlejò wa. Ọkọ mi àtẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin aṣọ́nà tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nítorí pé àwọn ọ̀gá ti fi báàgì gbàyè lórí àga: mo kí gbogbo yín pátápátá. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Láàárọ̀ yìí, wọ́n rán ẹnì kan sí mi. Ó ní, “Mọ̀mọ́ Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ jókòó.” Mo gbọ́. N ó dúpẹ́, n ó sì gbàdúrà. Àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tún kọ̀ǹpútà yín ṣe, tó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má tẹ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, tẹ́ ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, ṣé kò yẹ kó rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó ń fẹ̀yìn tì lọ ilé?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka ìṣírò, tó máa ń gbá kọ̀ǹpútà létí bó bá ń falẹ̀, tó wá ń bi mí pé kí ló dé tí kò gbọ́ràn mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá tó gbé kọ̀ǹpútà tí tíì dà sí wá bá mi, tó ní òjò ló pa á. Òjò wo ló máa ń rọ̀ pẹ̀lú ṣúgà? Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n níṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà ní àléébù o. Mo máa ń pariwo. Mo ti gbá ọwọ́ ọ̀gá ńláńlá kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gbá ọwọ́ ọmọdé kúrò nínú ìkòkò ẹran. Ẹ dárí jì mí, àmọ́ ẹ má tún fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gan-an ló kù yìí. Ẹ rántí àṣẹ tó jáde pé gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa gbé àwòrán ọ̀gá àgbà, kí n sì ti sẹ́tíǹgì rẹ̀ pa, kẹ́nikẹ́ni má lè yí i. Mo tì í. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè ṣíṣẹ́ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rín alága kọ́kọ́ kí i. Àwọn kan to àmì fáìlì bo ojú alága nínú àwòrán náà. Àwọn kan gbé àmì agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà sórí imú alága. Mi ò dárúkọ. Ẹ̀ka ìṣírò, ẹ fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni amí wọlé: ètò burúkú tó máa ń sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ń wo gbogbo ohun téèyàn ń tẹ̀, tó sì ń ròyìn fẹ́ni tó rán an. Ó nu ẹ̀rín alága kúrò, ó gbé àwòrán pupa kan síbẹ̀: “Ewu! Wọ́n ń ṣọ́ ẹ!” Ẹ wo olè tó ń pariwo olè. Mo bá a jà, mo yọ ọ́ tegbòtegbò. Ṣùgbọ́n àwòrán pupa kò kúrò, nítorí pé kí amí tó lọ, ó ti kọ òfin kékeré kan síbi tí kọ̀ǹpútà ń kó òfin rẹ̀ sí, pé kẹ́nikẹ́ni má yí àwòrán mọ́. Ibi téèyàn ti ń yí i ti ṣá funfun, bẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dá yín lóhùn. Kí la máa ṣe? Ká pa òfin yẹn rẹ́, ká pa kọ̀ǹpútà, ká tún un tàn. Ó tán.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí alága wọlé. Wọ́n ní, “Ta ló ní kó o fọwọ́ kan àgádágodo mi?”

Mo ní, “Ọ̀gá, kì í ṣe tiyín, ti olè ni.”

Wọ́n ní, “Èmi ni mo pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má yí àwòrán. Bó o bá ṣí i lónìí, lọ́la wọ́n á gbé ìyàwó wọn síbẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bá a ṣe ń tọ́jú àgádágodo olè nìyẹn. Oníbàárà kan dé, ó rí àwòrán pupa lórí gbogbo tábìlì, ó rọra kó ìwé ẹ̀, ó lóun ń bọ̀. A ṣì ń retí ẹ̀.

Wọ́n wá ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Wọ́n mú akọ̀wé alága. Kí ló ṣe? Ó ti bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun fi àwòrán ọmọ òun sójú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ibẹ̀ lamí gbà wọlé! Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀, níbi tó ti ń ka ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó láti lé e lọ. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀: adìẹ tí ò jáde nílé la dì mú, a wá ń bu oúnjẹ fún akátá. Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi.

Mo lọ bá alága, mo sọ ibi tí amí gbà wọlé fún wọn. Wọ́n ní, “A ó yẹ̀ ẹ́ wò.” Mo tún lọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó di ọjọ́ ìdágbére mi. Alága, òní rèé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan ni amí náà gùn wá, èyí tí wọ́n ní ó ń sọ àwòrán àgbàlagbà di ti ọ̀dọ́: ó ń na ìlà ojú, ó sì ń mú irun hù níbi tí irun ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Mi ò ní sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ sáà wo àwòrán ẹ̀rín yẹn tí wọ́n gbé ní ńlá sára ògiri lẹ́yìn mi yìí, kẹ́ ẹ wá wo orí àwọn tó wà lórí ìjókòó ọlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rín in díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo pa òfin amí rẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ti alága náà níbẹ̀, mo pa á rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ gbé ìyàwó yín síbẹ̀. Ẹ gbé ewúrẹ́ yín síbẹ̀, bó bá wù yín.

Akọ̀wé, dìde níbi tó o sá sí yẹn, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ. Alága, ẹ̀bùn inú páálí tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi yẹn, ẹ gbé e kalẹ̀ ná. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu yín. Ẹ sọ fún obìnrin yìí pé tábìlì ẹ̀ ń dúró dè é lókè. Máíkì rèé.

Ẹ sọ ọ́ sókè, sà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.

Ẹ gbọ́? Wọ́n ní kó padà! Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún alága, ó nira fún wọn, wọ́n sì sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ tá ò dá. Kó má jẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè gbàgbé ojú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ yín ò ní bàjẹ́, ilé yín ò ní dàrú, ọjọ́ tẹ̀yin náà máa fẹ̀yìn tì, ẹnu àwọn èèyàn yín á lè sọ òótọ́ níṣojú yín, ara ò sì ní ta yín. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an ni.

Akọ̀wé, ó tó, nu ojú ẹ. Lọ gbé báàgì ẹ gòkè.