Ṣàkì Tí Mo Fi Dán Oògùn Wò

Ẹ bá mi yin Olúwa tó gbà mí lọ́wọ́ àìsàn inú, tó tún gbà mí lọ́wọ́ ọgbọ́n orí ara mi. Ẹ̀yin ará, èmi àgbàlagbà yìí, èmi télọ̀ ará Muṣin, mo gba oògùn lọ́wọ́ dókítà, ṣàkì ni mo fún lò.

Oúnjẹ ni kì í dà nínú mi mọ́. Bí mo bá jẹun tán, inú mi á wú bíi bọ́ọ̀lù. Bí mo bá yàgbẹ́, ẹ forí jì mí, ọ̀rá á máa léfòó lórí rẹ̀. Mo ń rù. Ṣòkòtò oníbàárà kọ́ ni mo ń dín mọ́, tara mi ni. Mo ti ń ro ẹni tí yóò jogún máṣíìnì mi.

Ará ilé wa kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ògì kíkan ni kí ẹ máa mu. Á tún inú yín ṣe." Mo mu ún títí èmi pàápàá fi ń rùn bí ìkòkò ògì. Inú kò gbọ́.

Ìyàwó mi bá fà mí lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Yábàá. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò. Dókítà ní, "Bàbá, omi ògì kò burú. Ohun alààyè tín-tìn-tín tó jẹ́ kó kan lè ran ẹni tí oògùn líle ba inú rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Tiyín yàtọ̀. Omi ara tó ń mú ẹran àti ọ̀rá dà ni kò tó nínú yín. Oògùn yìí ló máa dípò rẹ̀. Ẹ máa gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ."

Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n àyà mi já. Oògùn tó ń mú ẹran dà, inú tèmi ńkọ́, ṣé igi ni? Ìyá Bísí, ìyàwó mi, ti se ṣàkì láàárọ̀. Inú màlúù ṣáà ni ṣàkì. Mo mú ègé kan sínú abọ́, mo lọ hóró oògùn kan kúnná, mo dà á lé e, mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, mo bò ó. Nígbà tí mo ṣí i nírọ̀lẹ́, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òkú ara mi ni mo rí nínú abọ́.

Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀. Ó wo abọ́, ó wò mí. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ kí n gbé oògùn mì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wò mí lónìí. Inú ti rọlẹ̀. Mo ń jẹun, ó ń dà. Gbogbo ṣòkòtò tí mo dín, mo ti tú wọn padà. Olúwa, mo dúpẹ́. Dókítà, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo ròyìn ṣàkì fún un, ẹ̀rín mú kó yọ awò ojú rẹ̀ nu.

Ẹni tí inú ń dà láàmú níbí, kó má ṣe fi inú aládùúgbò wo tirẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó má sì sọ̀rètí nù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù oògùn ló ń bà á, kó mú ọ̀rọ̀ Ìyá Bísí lọ sílé:

"Bàbá Bísí, ṣàkì tó ti kú ni ẹ fi sínú abọ́. Tiyín ṣì wà láàyè. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín ni inú yín ti ń mú inú màlúù dà, kò mú ara rẹ̀ dà rí. Ẹ jẹ́ n bu èbà yín wá, kí ẹ gbé oògùn mì."